Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìrìn Bàálù láti Èkó dé New York

Ará Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, Ìkejà ló sábà máa ń lọ wọ bàálù. Ìbéèrè méjì ni àwọn ará ilé máa ń bi í: báwo ló ṣe jìn tó, aago mélòó ni yóò sì balẹ̀?

Jíjìn rẹ̀ kò le. Ẹ ṣáà má fi máàpù pẹlẹbẹ wọ̀n ọ́n, nítorí ayé rí roboto, ìlà tó tọ́ lórí bébà sì lè jẹ́ ọ̀nà tó yí po lójú òfurufú. Ẹ wá glóòbù tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Ẹ fi orí òwú kan Èkó, kí ẹ fà á le dé New York, kó wá ọ̀nà ara rẹ̀, ẹ má fọwọ́ tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí rúlà. Bí glóòbù náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún bíi kìlómítà 425. Òwú yóò tó bíi 20, èyí tó jẹ́ 8,500. Iye tó wà láàárín LOS, ìyẹn pápákọ̀ Murtala Muhammed, àti JFK, ìyẹn pápákọ̀ New York, jẹ́ bíi 8,440. Òwú gbìyànjú!

Bí ẹ bá rí 4,557 níbì kan, máìlì àwọn awakọ̀ òfurufú nìyẹn. Kìlómítà 1.852 ni ọ̀kan rẹ̀, ti ojú títì kò ju 1.609 lọ. Ẹni tó bá pò ó pọ̀ yóò pàdánù kìlómítà tó lé ní 1,100. Ẹni tó máa gba Lọ́ńdọ̀n kọjá, kó wọn apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bíi 5,000 dé Heathrow, bíi 5,540 láti ibẹ̀ dé JFK.

Ẹ wá fi 900 pín 8,440, torí bí bàálù ńlá ṣe ń sáré ní wákàtí kan nìyẹn. Ẹ ó rí wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 23. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Àlọ tún gba bíi wákàtí kan sí i, nítorí afẹ́fẹ́ òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn yóò máa dojú kọ bàálù. Àlọ di bíi wákàtí 11, àbọ̀ bíi 10.

Aago gan-an ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Èkó kì í yí aago padà. New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di 6. Bàálù tó gbéra ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Keje yóò balẹ̀ ní aago 10 àárọ̀ wa, aago 5 ìdájí tiwọn. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ, ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì yóò ní wákàtí 6 péré ni wọ́n fi fò.

Ní àbọ̀, bàálù tó kúrò níbẹ̀ ní aago 12 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nínú oṣù Keje yóò dé Ìkejà ní aago 3 òru mọ́jú Sátidé. Ẹ wo “+1” lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé ọjọ́ kejì ni yóò balẹ̀. Ẹni tó ń ti Ifẹ̀ lọ pàdé èrò yìí, kó gbéra ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò ṣeé rìn lóru, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ rẹ̀ kò sì ní ìṣirò kankan.