Bí mo ṣe to kọ̀ǹpútà ìdánrawò sínú láptọ̀ọ̀pù kan nítorí ìdánwò Security+

Security+ ni ìdánwò CompTIA lórí ààbò kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè ẹ̀dà rẹ̀ SY0-701 kì í ju 90 lọ, ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n fún un, máàkì 750 lórí òṣùwọ̀n 100 sí 900 ló sì ń mú èèyàn yege. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti ní kí ẹ fọwọ́ ara yín to fáyáwọ́ọ̀lù (ohun tó ń dènà ìsopọ̀ tí a kò fẹ́) tàbí kí ẹ túmọ̀ lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ) ló le jù. Ìwé kíkà nìkan kò ká a.

Láptọ̀ọ̀pù onímẹ́mórì 8GB ni mo lò. Mo kọ́kọ́ wọ BIOS, ètò ìbẹ̀rẹ̀ láptọ̀ọ̀pù, lọ tan virtualization, ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní pípa, Kali, ètò Linux fún ìdánwò ààbò, kò ní ṣí nínú VirtualBox, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ìdánrawò ró. Mo dáńlóòdù Kali àti Metasploitable 2, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo fi sha256sum, àṣẹ tó ń fi hàn bóyá fáìlì pé, yẹ fáìlì Kali wò, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já lè mú kó wọlé lábọ̀. Kali gba mẹ́mórì 2GB, èkejì 512MB.

Host-only Adapter, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò kọjá inú láptọ̀ọ̀pù, ni mo yàn fún méjèèjì. Ẹ má fi Metasploitable sí Bridged, tó ń so ó pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta, láéláé: ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà, bóyá ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo, lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì yẹ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà wò láìgbàṣẹ. Òfin Cybercrimes ọdún 2015 lòdì sí wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ.

Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù Metasploitable ni `msfadmin`. Àṣẹ `ifconfig` tí mo tẹ̀ nínú rẹ̀ fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ hàn mí, 192.168.56.102. Láti Kali, `nmap -sV 192.168.56.102` to ojú ọ̀nà (port) tó ṣí sílẹ̀: 21 ti FTP (fún gbígbé fáìlì), 22 ti SSH àti 23 ti Telnet (méjèèjì fún wíwọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn), àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Mo tan Wireshark, tó ń gba ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sórí eth0, ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kali, mo fi Telnet wọlé, mo sì tẹ Follow TCP Stream. Páásíwọ́ọ̀dù hàn gbangba! Lẹ́tà orúkọ jáde ní méjì-méjì nítorí pé ẹ̀rọ náà ń dá wọn padà. Ti páásíwọ́ọ̀dù jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní gbàgbé ìdí tí SSH, tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, fi rọ́pò Telnet.

SSH kọ̀ ní tirẹ̀: “no matching host key type found”. Kọ́kọ́rọ́ ssh-rsa àtijọ́ tí Metasploitable ń lò ni Kali tuntun kò gbà mọ́. `ssh -oHostKeyAlgorithms=+ssh-rsa msfadmin@192.168.56.102` ló ṣí i, ohun tí Wireshark sì rí lẹ́yìn náà kò ṣeé kà.

Iná Òṣogbo ò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo ya Snapshot (ẹ̀dà ipò ẹ̀rọ tí mo lè padà sí) kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, mo sì ń lo Save State (tó ń dá ẹ̀rọ dúró síbi tó dé) bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, torí bí láptọ̀ọ̀pù bá kú lójijì, dísíìkì inú VirtualBox lè bàjẹ́.