Ẹ Tètè Yẹ Ojú Ọmọ Wò

Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé òun ò ríran. Bí ojú kan bá ní àìsàn tí èkejì sì dára, á máa rẹ́rìn-ín, á máa rákòrò bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ojú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lọ́tọ̀.

Bó bá tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó yẹ kó lè tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀. Bó bá pé oṣù 3, ó yẹ kó lè fojú bá nǹkan lọ. Ẹ dúró kó yó, kí oorun má sì kùn ún. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ ẹni tó mọ̀ dáadáa, kí ẹ wá mú nǹkan tó ní àwọ̀ títàn sí iwájú rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ máa rọra gbé e lọ sọ́tùn-ún, sósì. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá, ẹ má sì lo ohun tó ń ró, torí ọmọ tí kò ríran á máa fi etí tẹ̀ lé ìró, ẹ̀yin á sì rò pé ojú ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún láì tẹ̀ ẹ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ bo òsì náà. Bó bá ń sunkún, tó ń já ọwọ́ yín kúrò nígbà tí ẹ bo ọ̀tún, àmọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ẹ bo òsì, ojú òsì ni ẹ fura sí.

Fóònù náà wúlò. Nínú yàrá tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹ tan fíláàṣì, ẹ dúró ní bíi mítà 4, ẹ ya ọmọ tó ń wo kámẹ́rà ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ó yẹ kí ọmọlójú méjèèjì pọ́n bákan náà. Ti ọmọ aláwọ̀ dúdú lè ṣú díẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń tàn funfun bí ojú ológbò lóru, ó lè jẹ́ kátáráàtì àbínibí (ìkùukùu tó ń dí ìran nínú ojú), ó sì lè jẹ́ retinoblastoma, jẹjẹrẹ inú ojú tó ń pa ọmọ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Bí ọmọ bá wo ẹ̀gbẹ́, fọ́tò kan lè ṣì wá lọ́nà, ṣùgbọ́n bó bá tún hàn nínú òmíràn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kátáráàtì tó dí ojú pa, kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló dára jù kí wọ́n yọ ọ́. Ọpọlọ tí àwòrán ò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í kọ́ ìran dáadáa mọ́, kódà bí ojú bá ti mọ́ gaara.

Kí ojú kan máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó pé oṣù 4, kò burú. Bí kò bá kúrò lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní yóò tò bó bá dàgbà.

Ẹyinjú ńlá tún máa ń tanni jẹ. Aládùúgbò á ní ó rẹwà. Àmọ́ bí omi bá ń dà lójú rẹ̀, tí kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tí dúdú ojú sì ṣú bí èéfín, gùlókómà, àìsàn tí agbára omi inú ojú fi ń ba ojú jẹ́, lè wà níbẹ̀. Bí ipin bíi ọyún bá ń jáde lójú ọmọ tuntun tí ìpéǹpéjú sì wú, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ. Kòkòrò kan wà tó lè lu ojú náà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì.

Omi ọmú, ìtọ̀, omi ewé, tìróò: ẹ má fi ìkankan sí i lójú. Tìróò mìíràn ní òjé nínú.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kó tan iná sí ọmọlójú méjèèjì. Bí wọ́n bá bí ọmọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32 oyún, tàbí tí kò tó kílò 1.5 nígbà tí wọ́n bí i, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú ní ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìbí.