Bí A Ṣe Ń Ya Àwòdì Ní Fọ́tò Nídìí Ìtẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Tó bá ti yé ẹyin, ó mọ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi gba sùúrù.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Lọ́dọ̀ àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ìgbà tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ la máa ń rí wọn jù. Ẹ wo ibi tí igbó ti ń jó: wọ́n á máa rà bàbà lókè èéfín, wọ́n á máa gbá tata tó ń sá fún iná. Ìrù tó là níparí lẹ máa fi dá a mọ̀. Èyí tó bá gbé igi wẹ́wẹ́ tàbí àkísà, ẹ fojú tẹ̀lé e dé ìdí igi. Èyí tí mo ṣọ́ lẹ́yìn ìlú Ìyàrá, orí àràbà ló wà. Ìgbẹ́ funfun ti ta sára ewé ìsàlẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sì ń fì létí ìtẹ́, torí wọ́n máa ń fi àkísà àti ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko, kí ẹ sì mú ọmọ ìlú tó mọ igbó náà dání. Ẹ má dá lọ.

Ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó. Bó bá dìde lórí ẹyin, tó ń ké, tó ń yí po lókè orí yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ yáa padà sẹ́yìn. Ẹyin 2 tàbí 3 ló sábà máa ń yé, ó sì ń sàba lé wọn fún bí oṣù kan. Oòrùn ọ̀sán wa kì í ṣe ohun tí ẹyin lè wà níhòòhò sí. Ó sàn kí ẹ dúró dìgbà tí àwọn ọmọ bá ti ń hu ìyẹ́. Nígbà náà lẹ máa rí i tí ìyá bá gbé alángbá dé, tó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó ń já a ní wẹ́wẹ́ fún wọn.

Fún fọ́tò, àárọ̀ ló dáa, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Lẹ́ńsì 400 mm lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó. Bó bá ń fò, ẹ fi ìyára kámẹ́rà sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ pa fláàṣì. Ẹ má gé ẹ̀ka kankan torí fọ́tò, òun ni ibòji wọn.

Àwọn kan ń gun igi lọ kó ọmọ àwòdì. Torí náà, tí ẹ bá gbé fọ́tò yín sórí Facebook, ẹ má sọ ibi tí ìtẹ́ wà gan-an; ẹ kọ orúkọ agbègbè nìkan, bí Ìjùmú tàbí Yàgbà, ó tó.