Fídíò àtijọ́ lórí dísìkì HD: àwọn ìbéèrè tí ẹ ò yéé bi mí

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé àwòrán kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ń gba ti ìgbéyàwó, mo ń gba ti ìsìnkú, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni fíìmù Yorùbá ayé home video, tí àwọn tó ṣe é tàbí àwọn ọmọ wọn fẹ́ tún gbé jáde. Ó ti rẹ̀ mí láti máa tẹ ìdáhùn kan náà sórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tó bá tún bi mí ní èyí tó wà níbí, ibí ni màá ní kó wá kà.

Wọ́n kọ HD gàdàgbà sára páálí dísìkì fíìmù àtijọ́ kan. Kí ló dé tí àwòrán rẹ̀ ò mọ́ kedere?

Bí àyè inú dísìkì ṣe fẹ̀ tó ni HD ń sọ, kò sọ ohun tí kámẹ́rà rí. Fíìmù tí wọ́n fi VHS yà l'Ékòó ní 1994, ìlà 576 ló wà nínú àwòrán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ètò tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní PAL ni Nàìjíríà ń lò. Ní ìbú, VHS ò lè gbé ju nǹkan bí 320 lọ. HD ń béèrè 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀ àti 1920 ní ìbú. Gbogbo ìyókù, ẹ̀rọ ló méfò rẹ̀. Gàrí kóńgò kan tí ẹ dà sínú agbada, kóńgò kan náà ni.

Ṣùgbọ́n mo rí fíìmù tó dàgbà jù ú lọ tó mọ́ jù ú lọ.

Òótọ́ lẹ rí. *Aiyé* tí Ògúndé gbé jáde ní 1979 àti *Ọ̀run Móoru* ti Bàbá Sàlá ní 1982, fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì, irú èyí tí wọ́n ń fọ̀ bíi ti fọ́tò, ni wọ́n fi yà wọ́n. Irú wọn, bí nẹ́gátífù bá ṣì wà tí kò tíì bàjẹ́, wọ́n lè tún un yà sínú kọ̀ǹpútà ní 4K, tó tún fẹ̀ ju HD lọ, ohun tójú kò rí rí á hàn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá ò ká owó fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì mọ́, torí owó òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn wa yí sí fídíò. *Ajé Ni Ìyá Mi* tó jáde ní 1989 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. Fídíò ò ní nẹ́gátífù. Ohun tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà ni gbogbo ohun tó wà.

Gbogbo èèyàn inú ẹ̀ ló sanra.

Rìmóòtù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 4:3 sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Dúdú tó wà lọ́tùn-ún àti lósì kì í ṣe àbùkù.

Dúdú yẹn ń bí mi nínú. Ẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀ kó lè kún.

Mi ò gé gèlè ẹnikẹ́ni.

Ìlà kan ń jó nísàlẹ̀ àwòrán.

Ibi tí àwọn orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ VHS ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Etí tẹlifíṣàn onígò ló ń bò ó mọ́ yín lójú. Ẹ fi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó.

Èérún funfun kún ojú àwòrán.

Ẹ nu orí ẹ̀rọ. Ẹ yí bọ́tìnnì tracking lára ẹ̀rọ. Ẹ dán kásẹ́ẹ̀tì mìíràn wò kí ẹ tó dá èyí lẹ́bi.

Ògiri àti òpó ilé ń yí bìrí-bìrí.

Ìlà kọ̀ọ̀kan kò bọ́ sásìkò tó yẹ ni, torí kásẹ́ẹ̀tì ti ràn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní TBC, òun ló ń tò wọ́n padà kí wọ́n tó wọ kọ̀ǹpútà. Ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ S-VHS kan (ìran VHS tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀) fúnra wọn. Ẹ wá ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tí yíyí yẹn bá ti wọnú fáìlì, mi ò tíì rí ẹni tó yọ ọ́ tó mọ́.

VCD rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣebí VCD ni tuntun, kásẹ́ẹ̀tì ni àtijọ́?

Tuntun ni, ṣùgbọ́n ó kéré. Àwòrán VCD tiwa jẹ́ 352 ní ìbú àti 288 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdajì ìlà inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó dànù kó lè gba inú ẹ̀, wọ́n sì fún ìyókù pọ̀ débi pé tí oníjó bá ti yíra, àwòrán á di igun mẹ́rin-mẹ́rin. Mo mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n tà ní Ìdúmọ̀tà àti Alábà láàárín 2000 sí 2010, apá kìíní àti apá kejì lórí VCD ló ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló ṣẹ́kù, ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé bóyá kásẹ́ẹ̀tì wà níbì kan. VHS tí wọn ò lò gbó sàn ju VCD tó ń dán lọ.

Amẹ́ríkà ni mo wà, ẹ̀gbọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá wa fi ránṣẹ́ láti ilé ń yí gbirigbiri, kò ní àwọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì PAL lẹ fi sínú ẹ̀rọ NTSC, ètò tẹlifíṣàn tí Amẹ́ríkà lò láyé kásẹ́ẹ̀tì. Kò bàjẹ́. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń gba méjèèjì. Bí èyí tí wọ́n ti yí sí NTSC fún títà lọ́hùn-ún bá tún wà nílé yín, ẹ má fi òun ṣiṣẹ́: ìlà 480 ló kù níbẹ̀, òjìji sì máa ń tẹ̀lé ẹni tó bá ń rìn, torí wọ́n ti po àwòrán kan mọ́ èkejì kí iye rẹ̀ lè pé ti wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti mira, ara rẹ̀ á là sí ìlà wẹ́wẹ́. Ẹ bá wa yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí èyí. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Fídíò PAL kì í ya odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á ya ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìsàlẹ̀, á wá padà sókè ya ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ìdajì 50 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì kọ̀ọ̀kan ló sì ní àsìkò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹlifíṣàn onígò ṣe ń fi wọ́n hàn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ojú wa ò sì fura. Ṣùgbọ́n odindi ni kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ ń fi hàn. Tí wọ́n bá so ìdajì méjì pọ̀, ọwọ́ tó ti kúrò níbi tó wà á hàn níbi méjì nígbà kan náà, ìlà kan níhìn-ín, ìlà kan lọ́hùn-ún. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí ẹ ya ìdajì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di odindi. Deinterlace ni gbogbo sọ́fítíwíà ń pè é. Bí fáìlì bá ṣì rí bó ṣe jáde látinú kásẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọmọdé ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé hard disk wá. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ṣe fíìmù náà, ó sì fẹ́ gbé e jáde fún ìrántí rẹ̀. "Bọ̀dá, wọ́n ti bá mi sọ ọ́ di HD o, mo ti sanwó. Ó kù kí ẹ bá mi yọ àwọn ìlà yìí." Mo ṣí i. Níbi tí onídùndún ti ń lu ìlù, kòǹgó ọwọ́ rẹ̀ ti di ìlà, kì í sì ṣe ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó nípọn, etí rẹ̀ ṣú. Àyà mi já. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí rẹ̀ mú, a lè yà á. Èyí tó nípọn tó ṣú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n sọ àwòrán di ńlá kí wọ́n tó ya ìdajì méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdajì méjì ti yọ́ mọ́ra wọn. Ohun tó jẹ́ ìlà kìíní àti ìkejì nínú 576 kò sí lórí ìlà kìíní àti ìkejì mọ́ nínú 1080.

Mo fi yadif, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣe deinterlace, kàn án, kò tilẹ̀ mì. Bwdif, bákan náà. Mo fi èyí tó ń pa ìlà rẹ́ kàn án: ìlà lọ, imú àti ojú bá a lọ. Ọgbọ́n kan ló kù. Bí èèyàn bá mọ ìṣirò gan-an tí wọ́n fi sọ àwòrán di ńlá, ó lè fi ìṣirò náà rìn padà sẹ́yìn dé 576, kó bá ìdajì méjèèjì níbẹ̀. Mo ń dán ìṣirò kan tẹ̀ lé òmíràn wò, mo sì ń wo kòǹgó onídùndún yẹn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò sí ẹni tó mira, ó ń dára. Ibi tí mo nílò rẹ̀, kò gbà.

Gèlè ló là mí lójú. Gbogbo obìnrin inú fíìmù náà, gèlè wọn ti gé lókè, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ àwòrán sì ti bọ́ ẹsẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ yẹn ti kọ́kọ́ gé òkè àti ìsàlẹ̀ kó lè kún ojú tẹlifíṣàn tuntun, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ńlá. Ìyẹn ni pé 432 ló kù nínú 576, òun ni wọ́n sì nà dé 1080. Mo fi 432 ṣe ìṣirò, ó sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ti fún fáìlì pọ̀ jù lẹ́yìn náà, igun mẹ́rin-mẹ́rin ti jókòó lé ìlà lórí. Ibẹ̀ ni mo dúró. Ká tiẹ̀ ní ó gbà, ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán bàbá rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ ẹlòmíì.

Mo ní, "Ẹ lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì wá." Ó ní wọ́n ti sọ fún un pé kásẹ́ẹ̀tì ò wúlò mọ́. Mo ní kó lọ wá a síbẹ̀síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti rí i, VHS, nínú àpótí kan náà pẹ̀lú fọ́tò ìsìnkú. Ó mọ́. Mo gbé e gba inú TBC wọ kọ̀ǹpútà, ìlà sì hàn bó ṣe yẹ, tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú.

Níbi tí mo ti rò pé ó parí, mo ṣe deinterlace, ọwọ́ onídùndún ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń lọ síwájú. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìdajì wo ló ṣáájú? Kámẹ́rà DV, èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì dígítà kékeré, máa ń fi ìdajì ìsàlẹ̀ ṣáájú. Káàdì tó gba àwòrán yìí fi ti òkè ṣáájú, ṣùgbọ́n ohun tí sọ́fítíwíà kọ sára fáìlì ni ti DV. Mo yí i sí òkè, ọwọ́ sì balẹ̀. Mo wá fi QTGMC ṣe é, èyí tó lọ́ra jù tó sì dára jù nínú wọn, mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Odindi àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gèlè pé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó sọ ọ́ di ńlá.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí n yọ ìlà kúrò nínú fáìlì tí ẹlòmíì ti sọ di HD, ìdáhùn mi ni kásẹ́ẹ̀tì dà.

Ọmọ mi ní AI lè sọ ọ́ di 4K tó dán.

Dídán á dán. Ẹ wá wo ojú bàbá tó kọ àbàjà: ẹ̀rọ ti pa ilà rẹ́, torí ó rò pé ariwo kásẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wo aṣọ òkè, ó ti hun òmíràn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán di lẹ́tà tí kò sí nínú èdè kankan. Mo máa ń lo díẹ̀ níbi ilé àti igi. Níbi ojú èèyàn, mi ò lò ó, owó yòówù kó jẹ́.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni HD tiẹ̀ wà fún?

Ó wúlò, ó kàn jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ kọ́ ló wúlò fún. Danny Boyle, olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Canon XL1, kámẹ́rà MiniDV, ya èyí tó pọ̀ jù nínú *28 Days Later*, tó jáde ní 2002. Ìlà 576 bíi tiwa. Ó wà lórí Blu-ray, dísìkì HD. Kò mọ́ kedere níbẹ̀, kò sì lè mọ́, àyàfi ìparí rẹ̀ tí wọ́n fi fíìmù 35mm yà: ẹ ó rí i bí gbogbo nǹkan ṣe là lójijì. Èrè dísìkì ńlá ni pé wọn ò ní láti fún àwòrán pọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba tí kámẹ́rà rí á dé ọ̀dọ̀ yín láìsí pé wọ́n tún jẹ nínú ẹ̀, ohùn rẹ̀ náà á sì pé.

Ní ti YouTube, ìdí mìíràn tún wà: kì í fi àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan hàn àfi láti 720 lọ sókè. Bí ẹ bá gbé 576 síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì ìrìn oníjó á sọnù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ di 1440 ní ìbú àti 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí mo sì ń fi dúdú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹnì kan bá wá pè é ní "4K remastered" lẹ́yìn tí mo gbé e fún un, kì í ṣe ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Kásẹ́ẹ̀tì ti bu, nǹkan funfun ti hù sí i. Ṣé kí n kàn fi sínú ẹ̀rọ wò?

Rárá. Á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, á ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e, ó sì lè já. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi kẹrosíìnì nù ún. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá, ẹ gbé e dúró níbi gbígbẹ, kí ẹ sì wá ẹni tó ń fọ irú ẹ̀. Èyí àti kásẹ́ẹ̀tì tó já nìkan ni mo ní kí ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ẹni tá a gbé e fún mọṣẹ́?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé ṣé yóò fún yín ní fáìlì tí kò tíì fọwọ́ kàn, ìlà 576, tí ìdajì méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, kún èyí tó bá tún ṣe. Bó bá ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ máa lọ.