Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí oyè ààfin Fiẹtnám ayé àtijọ́

Àtẹ oyè kan ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn tàbí ya àwòrán nípa ààfin Fiẹtnám á lọ wá àtẹ: hoàng đế (ọba ńlá) lókè pátápátá, vương (ọba kékeré tàbí ọmọba) tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oyè ìjòyè márùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀: công, hầu, bá, tử, nam. Á sanwó fún ayàwòrán, á sì fi àtẹ kan ṣoṣo yìí wọn ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni wọ́n á tó sọ fún un pé kò bá ìgbà mu, owó sì ti lọ. Oyè tí wọ́n ń jẹ lọ́dún 1285 kò rí bí èyí tí wọ́n ń jẹ lọ́dún 1485, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Mo gbà pé ẹ ti mọ bí ìdílé ọba ṣe tẹ̀ léra: Đinh, Lê ti ìṣáájú, Lý (1009 sí 1225), Trần (títí di 1400), Hồ, àwọn Ming láti Ṣáínà tó gba ìlú (1407 sí 1427), kí Lê ti ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1428. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí, kó má tíì náwó.

1. Sísọ ọba wọn di ajẹ́lẹ̀ Ṣáínà. Đinh Bộ Lĩnh fi ara rẹ̀ jẹ hoàng đế ní Hoa Lư, olú ìlú rẹ̀, lọ́dún 968. Lọ́dún 975, ààfin Song, ìdílé ọba tó ń jọba ní Ṣáínà nígbà náà, fún un ní oyè Giao Chỉ quận vương. Lọ́dún 1174, Song kan náà fi Lý Anh Tông jẹ An Nam quốc vương. Nílé, hoàng đế ni wọ́n. Nínú lẹ́tà sí Ṣáínà, vương ni wọ́n. Méjèèjì ń lọ pọ̀, ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Ohun tí ẹ óò ṣọ́ ni ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìjòyè ní Thăng Long, olú ìlú Fiẹtnám ìgbà Lý àti Trần, kì í pe olúwa rẹ̀ ní An Nam quốc vương; ikọ̀ Ṣáínà ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

2. Fífi orúkọ òkú pe alààyè. Thái Tổ, Thái Tông, Nhân Tông àti irú wọn, orúkọ ojúbọ ni. Ẹ̀yìn ikú ni wọ́n ń fi wọ́n sọrí ọba. Kò sẹ́ni tó dojú kọ Lê Lợi, ọba àkọ́kọ́ Lê ti ìkẹyìn, láyé tó pè é ní Thái Tổ. Tí ẹ bá fẹ́ ka ọdún, orúkọ sáà ni kí ẹ lò: Lê Thánh Tông ní méjì, Quang Thuận (1460 sí 1469) àti Hồng Đức (1470 sí 1497), nítorí náà ọdún kejì Hồng Đức ni 1471. Ẹ má sì kọ “Thái Tông” lásán. Lý ní tirẹ̀, Trần ní tirẹ̀, Lê náà ní tirẹ̀.

3. Ríro pé thượng hoàng ti fẹ̀yìn tì. Láàrin àwọn Trần, ọba a máa gbé ìtẹ́ fún ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, òun fúnra rẹ̀ á di thái thượng hoàng. Trần Cảnh, ọba Trần àkọ́kọ́, gbé e fún ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1258, ó sì wà láyé títí di 1277. Ọmọ yẹn, Trần Thánh Tông, náà gbé e fún ọmọ tirẹ̀ lọ́dún 1278. Nígbà tí ogun Mongol wọ ìlú lọ́dún 1285, tí wọ́n tún padà wá ní 1287 sí 1288, ọba méjì ló wà nílẹ̀: Thánh Tông tó jẹ́ thượng hoàng, àti Nhân Tông ọmọ rẹ̀ lórí ìtẹ́. Thượng hoàng ló pe àwọn àgbà ìlú jọ sí ààfin Diên Hồng kí wọ́n lè sọ bóyá ká jà tàbí ká má jà. Ìgbìmọ̀ ogun tí ẹ bá kọ tí ọba kan ṣoṣo jókòó síbẹ̀, kò pé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1299. Nhân Tông, tó ti di thượng hoàng nígbà náà, gbéra láti Thiên Trường, ibi tí thượng hoàng ń gbé, wá sí Thăng Long láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Anh Tông ọmọ rẹ̀, ọba tó wà lórí ìtẹ́, níbi tó ti mu ọtí xương bồ yó, tó sùn lọ fọnfọn. Ó yí padà sí Thiên Trường lójú ẹsẹ̀, ó sì pàṣẹ kí gbogbo ìjòyè wá bá òun níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Anh Tông jí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Đoàn Nhữ Hài ló bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ni wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé baba. Baba sọ ọ́ síta pé òun ní ọmọ mìíràn tó lè jọba, kó tó dárí jì í. Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọba, ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwòrán.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni dída oyè pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Oyè ni tước, iṣẹ́ ni chức. Ẹnì kan lè ní méjèèjì, ó sì lè ní ọ̀kan péré. Ẹ wo balógun tó ṣẹ́gun Mongol: Trần Quốc Tuấn ni orúkọ rẹ̀, Hưng Đạo vương ni oyè rẹ̀, Quốc công tiết chế sì ni iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun, tí gbogbo ọmọ ogun fi wà lábẹ́ rẹ̀. “Trần Hưng Đạo” tí gbogbo ayé ń pè é, orúkọ ìdílé àti oyè ni wọ́n so pọ̀. Ó dára fún àkọlé, àmọ́ kò yẹ lẹ́nu ọmọ ogun tó ń jábọ̀ fún un. Chiêu Minh vương ni oyè Trần Quang Khải. Iṣẹ́ rẹ̀ láti 1282 ni Thượng tướng thái sư. Trần Quốc Toản ní oyè tirẹ̀, Hoài Văn hầu, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó bá wọn jókòó níbi ìpàdé ogun ní Bình Than lọ́dún 1282 nítorí ọmọdé ni.

Níbi Bình Than yẹn kan náà, ọba rí ọkọ̀ ńlá kan tó kó èédú. Ẹni tó ń tukọ̀ náà dé akẹtẹ̀ ewé, ó wọ ẹ̀wù péńpé. Trần Khánh Dư ni, Nhân Huệ vương tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ ogun. Ẹ̀jẹ̀ ọba kò dá oyè dúró. Wọ́n lè bọ́ ọ, wọ́n sì lè wọ̀ ọ́ padà, nítorí náà ẹ máa béèrè ọdún kí ẹ tó kọ oyè sára ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì sọ vương àwọn Trần di gómìnà. Ilẹ̀ àti ènìyàn ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Lọ́dún 1266, àṣẹ jáde pé kí àwọn ọmọba, ọmọbìnrin ọba àti àna ọba kó àwọn aláìnílé jọ láti ṣán ilẹ̀ tuntun. Lọ́dún 1397, Hồ Quý Ly, ìjòyè alágbára tó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Trần lẹ́yìn náà, fi òté lé ilẹ̀: mẹ́kúnnù kò gbọdọ̀ ní ju mẫu (ìwọ̀n ilẹ̀ wọn) 10 lọ, àmọ́ đại vương (vương àgbà) àti trưởng công chúa (ọmọbìnrin ọba àgbà) kò ní ìwọ̀n.

Nígbà tí Lê dé, àtẹ yí padà. Lọ́dún 1429, orúkọ akọni 93 ni wọ́n kọ sára pátákó. Nínú hầu nìkan, àtẹ̀gùn wà: huyện thượng hầu, á thượng hầu, hương thượng hầu, đình thượng hầu, àwọn mìíràn sì wà nísàlẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà lókè ni Lê Sát, Lê Vấn àti Lê Văn Xảo. Ẹ má fi wọ́n ṣe àbúrò ọba! Ọmọ ìdílé Phạm ni Vấn àti Văn Xảo, ọba ló fi orúkọ ìdílé tirẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Kò pẹ́ tí ọba kan náà fi pa Văn Xảo.

Lẹ́yìn àtúntò Lê Thánh Tông lọ́dún 1471, ìpele iṣẹ́ ìjọba di mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ó jẹ́ 18. Ọ̀nà kan wà láti mọ oyè ayédèrú láti ìgbà yìí lọ. Ẹ tẹ̀ lé oyè Mạc Đăng Dung, balógun tó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Lê: Vũ Xuyên bá lọ́dún 1511, lẹ́yìn náà Vũ Xuyên hầu, Minh quận công ní 1519, Nhân quốc công ní 1521, An Hưng vương ní 1527, ọdún yẹn gan-an ló gba ìtẹ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà níwájú oyè: bá àti hầu ní méjì, quận công àti quốc công ní ẹyọ kan, vương tirẹ̀ ní méjì. Bí ẹ bá rí quận công tó gbé ọ̀rọ̀ méjì níwájú, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Àwọn kéékèèké: àmì onígun mẹ́rin láyà ẹ̀wù ìjòyè, 1471 ló wọlé, nítorí náà ẹ yọ ọ́ lára balógun Trần.

Tiến sĩ (oyè ọ̀mọ̀wé) kì í ṣe oyè ìdílé, ìdánwò ni wọ́n fi ń gbà á.

Olorì àgbà lè ju ẹyọ kan lọ: márùn-ún ni Đinh Bộ Lĩnh fi jẹ hoàng hậu.

Lý Thường Kiệt, balógun tó kojú Song ní 1075 sí 1077, ìwẹ̀fà ni, Ngô sì ni ìdílé rẹ̀ kó tó gba orúkọ Lý.

Ẹni tó ń jẹ́ công chúa (oyè ọmọbìnrin ọba) kì í ṣe ọmọ ọba nígbà gbogbo. Trần Thị Dung, olorì ọba Lý, ni wọ́n rọ̀ sílẹ̀ di Thiên Cực công chúa lọ́dún 1226, wọ́n sì fi fún Trần Thủ Độ. Lý Chiêu Hoàng jọba fúnra rẹ̀ (1224 sí 1225), ó di olorì ọkọ tó gbé ìtẹ́ fún, wọ́n tún wá rọ̀ ọ́ sí công chúa lọ́dún 1237.

Ní ti àwọn tó ń kọ nípa ìgbà tó tẹ̀ lé e: lọ́dún 1599, Trịnh Tùng, olórí ogun Lê, gba oyè Bình An vương. Hoàng đế Lê ṣì jókòó lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ogun, owó orí àti yíyan ìjòyè ti bọ́ sọ́wọ́ vương. Ẹ má tìtorí ìyẹn yọ Lê kúrò nínú ìwé yín, torí orúkọ sáà Lê ni wọ́n ṣì fi ń kọ ọdún sórí ìwé àṣẹ.