Àṣìṣe Tó Ń Tú Alẹ́ Ewì Ká Ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò kan pè mí wá sí alẹ́ ewì àkọ́kọ́ tó ṣe ní àdúgbò Under-G. Ó háyà gbọ̀ngàn, ó to àga 200. Àwa tá a jókòó ò pé 20, mẹ́rin nínú wa sì ni oníkámẹ́rà àtàwọn tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Èkíní, ẹ yé háyà gbọ̀ngàn ńlá. Èèyàn 20 láàárín àga 200, àfi bí òkú ẹni tí kò lẹ́bí. Ẹ wá ilé oúnjẹ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń jókòó sí, ẹ bá olówó ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ tí ọjà kì í yá. Ẹ ó rajà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gbowó àyè.

Èkejì: ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé.

Ẹ̀kẹta, adájọ́. Ìdíje ewì tí wọ́n ń pè ní slam yìí, Chicago ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan, Marc Smith, ló dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, kí ewì lè padà sọ́wọ́ ará ìlú. Àárín èrò ni wọ́n ti ń mú adájọ́ márùn-ún. Kálukú yóò fúnni ní máàkì láti 0 dé 10, wọn á yọ èyí tó ga jù àtèyí tó kéré jù, wọn á ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Bí ọ̀rẹ́ akéwì bá wà níbẹ̀ tó lọ fún un ní 10, ẹ̀yin náà rí i pé 10 yẹn ló máa bọ́ sọnù. Kí wá lẹ ń fowó mọ́tò wá ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta kiri fún?

Ibi tó ń dùn mí jù rèé: alága ọjọ́. Èmi náà ṣe é o. Nígbà tí mo ṣe tèmi àkọ́kọ́, mo ra aṣọ funfun bo tábìlì, mo to omi onígò sórí ẹ̀, mo tẹ káàdì ìpè olómi góòlù. Aago mẹ́fà la kọ síbẹ̀. Aago mẹ́jọ àbọ̀ ni bàbá alága dé. Onílù tá ò pè bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, owó ń fò. Ìgbà tí bàbá gba máìkì, ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ bí òun ṣe kàwé. Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà iwájú, ó ká ìwé ewì rẹ̀ sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún ká a, títí òógùn fi mú tàdáwà ibẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni tiẹ̀! Kó tó kàn án, epo tán, àwọn èèyàn ti jáde lọ wá ọ̀kadà. Iná fóònù ló fi kéwì fún àwa mẹ́fà tó kù. Ẹkún ìyàwó ló fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìyàwó tiẹ̀ lóun ò lọ mọ́. Ara mi bù máṣọ. Bàbá ti lọ ní tiwọn. Owó tí wọ́n ṣèlérí, mo ṣì ń lọ gbà á.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹrin ni: ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Mẹ́ta ni, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10 fún àánú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yọ ìdajì máàkì kan fún gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 10 tó bá lé.

Ẹ má jẹ́ kí akéwì ṣàlàyé ewì tí kò tíì ké.

Ẹni tó bá sì fi ìjálá tàbí rárà wọlé, ẹ má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mà lẹ wà!

Àbúrò tó to àga 200 fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lánàá. Ó ti rí ilé oúnjẹ kékeré kan, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe alága."