Bí ẹ ṣe lè wá ìtọ́jú fún ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ tó ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró jù láàárín wa ni "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Ìyá rí i pé ọrùn ọmọ kò dúró, ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n ní bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó jókòó. Ọmọ pé ọdún kan, wọ́n ní kó máa fi òrí wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ń yára dàgbà jù, ìtọ́jú tó bá sì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́ jù.

Nítorí náà, ẹ gbéra tí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí: ọmọ oṣù 4 tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, ọmọ oṣù 9 tí kò lè dá jókòó, ọmọ oṣù 18 tí kò tíì rìn, tàbí tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan, ọmọ tí kì í yíjú sí ìró, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìtàn ọmọ náà sílẹ̀

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti fáìlì kan. Lójú tèmi, fáìlì yìí ṣe pàtàkì ju owó ọkọ̀ lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ dókítà kan kọ́ ni ọmọ yín máa mọ, ohun tí ẹ kò bá sì kó dání, wọ́n á tún ní kí ẹ lọ ṣe é.

Èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ilé ni kí ẹ ti jókòó kọ ìdáhùn sí ohun tí wọ́n máa bi yín. Ṣé ìrọbí pẹ́? Ṣé ọmọ ké lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i? Ṣé ojú àti ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé gìrì ti mú un rí, ìgbà wo, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó? Oṣù wo ló jókòó, oṣù wo ló rákò? Tí gìrì bá ṣì ń mú un, kí ẹnìkan fi fóònù ká a sílẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ́ kí dókítà rí ohun tí ẹnu kò lè ṣàlàyé.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ìbéèrè wọ̀nyí dá ìyá lẹ́bi. Ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, ọmọ tí ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú jù, àti ọmọ tí àrùn awọ ọpọlọ mú, ni cerebral palsy (àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ara rẹ̀ dáadáa) sábà máa ń mú níbí. Ara pípọ́n yẹn tún lè ba etí jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún gbogbo aboyún tí ẹ mọ̀: oòrùn àárọ̀ àti omi gúlúkóòsì kì í wo ìkókó tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Iná àkànṣe ilé ìwòsàn tàbí pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà á, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Kí wọ́n má sì fi káńfọ̀ sí aṣọ ìkókó.

Ibi tí ẹ máa gbà wọlé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní àdúgbò yín. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, kí ẹ sì béèrè fún lẹ́tà tó máa gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì. Tí ẹ bá wà nínú ètò adójútòfò, lẹ́tà yìí ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó gbà láti sanwó.

Ní Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ wà ní Òkè-Àró, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì UNIMED sì wà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Dókítà àwọn ọmọdé ni kí ẹ béèrè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín padà pẹ̀lú oògùn ibà lásán. Tí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tàbí sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ìyẹn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH ní Ìbàdàn.

Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ dókítà

Ẹ ní kó kọ orúkọ àìsàn náà sílẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò etí àti ojú, ohun yòówù kí ó jẹ́, torí àìmọye ọmọ tí wọ́n ń pè ní alágídí ni kò gbọ́ràn dáadáa. Tó bá jẹ́ Down syndrome (ipò tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tó ń mú kí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀) ni, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ọkàn, nítorí nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àléébù ọkàn. Kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún tairọ́ọ̀dì, ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń darí ìdàgbà ara, lọ́dọọdún.

Tó bá jẹ́ wárápá ni, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín torí pé ọmọ ti pẹ́ tí kò ṣubú. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, kí ẹ sì wo aago. Kò sí ṣíbí lẹ́nu, kò sí ìtọ̀ màlúù, kò sí ẹsẹ̀ nínú iná. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń pa ọmọ. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ owó

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀, ètò Abiyamọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn, kí ẹ ṣe NIN fún ọmọ, kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè ní pàtó bóyá físíò (ìtọ́jú tó ń kọ́ iṣan àti eegun ọmọ láti ṣiṣẹ́) àti oògùn wárápá wà nínú ohun tí wọ́n ń san, nítorí pé ìtọ́jú tí a ń gbà lemọ́lemọ́ ló ń tán owó. Ilé ìwòsàn ńlá náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí aláìsàn tí kò lówó. Ẹ wá ọ́fíìsì wọn kí gbèsè tó wọlé.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá àwọn àkàndá ẹ̀dá lóhùn níbi tí èèyàn bá tò sí. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ rán nọ́ọ̀sì létí.

Iṣẹ́ tó wà nílé

Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni oníṣẹ́ físíò ní fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ̀yin lẹ ni ìyókù. Ẹ má kàn dúró máa wò ó, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ ṣe é lójú òun, kó tún ọwọ́ yín ṣe. Ẹ béèrè irú àga tí ọmọ lè jókòó sí, kó fún yín ní ìwọ̀n rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kàn án.

Oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ọmọ tí kò lè gbé mì dáadáa kò gbọ́dọ̀ jẹun ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má sì rọ ọ́ ní ẹ̀kọ tàbí àgbo. Ohun tí a fi ipá rọ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó di àìsàn tó máa gbé ọmọ dé orí ibùsùn. Ẹ gbé e jókòó, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí oúnjẹ ki, kí ṣíbí kéré, kí ẹ sì ní sùúrù.

Ẹ tètè ronú kan ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Àkúrẹ́, ti àwọn afọ́jú wà ní Ọ̀wọ̀. Èsì àyẹ̀wò inú fáìlì yẹn ni wọ́n máa béèrè níbẹ̀.

Kí ẹ kọ́ ẹnì kejì ní gbogbo èyí, ì báà jẹ́ bàbá ọmọ, àǹtí rẹ̀ tàbí ìyá àgbà: oògùn wo, wákàtí wo, báwo la ṣe ń gbé e jókòó. Ẹ lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná, kí ìyá náà lè sùn, kó sì lè tọ́jú ara rẹ̀ nígbà tí òun náà bá ṣàìsàn.